Ẹni Tó Gbé Epo Wá Ni Kó Ṣáná Sí I

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ èyí. Wọ́n ń gba ìtàn lọ́wọ́ àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìkéré, kí àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé lè rí ohun tí wọn yóò fi yan iṣẹ́. Nígbà tí akọ̀wé wọn wá bá mi, mo kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò kà á, kí ni wọn yóò fi ṣe, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Tóyìn, ìtàn lásán la ní kí ẹ kọ o, a ò pè yín lẹ́jọ́." Kó má bínú. Bí mo ṣe dà nìyẹn. N kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láìbèèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Karosíìnì ni mo tà, sítóòfù ni mo sì tún ṣe, fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mi ò tíì darúgbó. Ọwọ́ mi ló fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Bí ẹ bá rí mi lọ́jà tí mo fi ọwọ́ òsì sínú ìborùn, kì í ṣe pé òtútù ń mú mi.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́fà, kò sí owó ìwé mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní àdúgbò Ùrò tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Olówùú, nítorí òwú sítóòfù àti ti àtùpà ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó máa ta epo. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ, mo kù síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọ̀gá mi jẹ́. Ó kúrú, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti Ìkéré pátápátá, kò sì sí oníbàárà tó tóbi jù fún un láti bá wí. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan epo. Òwú nìkan. Bí ẹnìkan bá gbé sítóòfù olówùú mẹ́wàá wá, èmi ni yóò fa òwú náà sínú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orí gbogbo wọn dọ́gba. Tí mo bá ṣe tán, yóò dábùú igi ìgbálẹ̀ kan lé wọn lórí. Bí òwú kan péré bá ta yọ, yóò fa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde, yóò sì jù wọ́n sí mi lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ọ̀kan ṣoṣo ló ga," ni mo sọ lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀kan ṣoṣo náà ni yóò jó ulé wọn," ló fèsì. "Tún un fà."

Kò jẹ́ kí n fi ìpara olóòórùn pa ara. Kò jẹ́ kí n jẹ obì níbi iṣẹ́. Ó ní imú mi ni ọ̀gá mi kejì, òun kò sì fẹ́ kí ohunkóhun bá a du ipò. Bí obìnrin kan bá gbé sítóòfù tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, pé kí a bá òun rọ epo sí i kíákíá nítorí ìrẹsì òun wà lórí rẹ̀, Ìyá Olówùú yóò ní kó jókòó.

"Títí di ìgbà wo, Màmá?"

"Títí yóò fi tutù."

"Ìrẹsì mi ńkọ́?"

"Ìrẹsì tí kò jinná ṣeé jẹ ju awọ ara tó bó lọ."

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ tó ga jù lọ kò kan àwa ọmọ iṣẹ́ nìkan. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni òkúta pẹlẹbẹ kan wà, tí orí rẹ̀ ti dúdú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé dúrọ́ọ̀mù epo wá tà fún un, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ibẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò kán epo sí ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni náà. Karosíìnì tó dára yóò wà níbẹ̀, yóò máa dán, yóò máa yọ̀. Èyí tí wọ́n bá da bẹntiróòlù mọ́ yóò tutù lára bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń fi òwú nu apá kó tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́, yóò sì gbẹ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò rẹ àkísà òwú kan sínú epo náà, yóò tẹ́ ẹ sórí òkúta, yóò wá na ìṣáná àti igi ìgbálẹ̀ gígùn sí ẹni tó gbé epo wá. Òun kọ́ ni yóò ṣáná. Àwa ọmọ iṣẹ́ náà kọ́. Ẹni tó gbé epo wá ni.

Mo rántí ọkùnrin kan tó bínú. Ó ní, "Màmá, ṣé ìbúra lẹ ń mú mi ṣe ni? Ẹ ti ń bá mi rà á láti ọjọ́ yìí!"

Ìyá Olówùú kò gbójú sókè. Ó ní, "Uná kì í gbọ́ ìbúra. Ṣáná."

Ọkùnrin náà ṣáná. Epo rẹ̀ dára. Karosíìnì tó dára máa ń gbiná jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà ṣe ń dìde lórí ẹní. Ìyá Olówùú kí i dáadáa, ó bu omi fún un mu. Lẹ́yìn tó lọ, mo ní ó dà bí ẹni pé ojú ti bàbá náà. Ọ̀gá mi wò mí. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀," ló wí. "Èmi ò mọ èyí tínú ń run. Àní ìwọ tí o ń bá mi gbé, ọjọ́ tí o bá gbé epo wá fún mi, ìwọ náà yóò ṣáná."

Nígbà tí mo gba òmìnira, ìṣáná kan tí wọn kò tíì já àti àrọ onírin kan tí a fi ń rọ epo ló fún mi. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí èkíní jìnnà sí èkejì.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹ̀. Mo fẹ́ tíṣà, mo bí Tóyìn àti àwọn àbúrò rẹ̀. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Igo ni a fi ń wọn epo tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì oníke dé. Ẹnu la fi ń fa epo nínú rọ́bà láti inú dúrọ́ọ̀mù, tí oúnjẹ alẹ́ yóò máa rùn karosíìnì lẹ́nu ẹni. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí dé, ẹnu wa sinmi. Àtùpà onígíláàsì ń dín kù ní ìgboro, sítóòfù ń pọ̀ sí i. Wọ́n wá dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Àkúrẹ́ ń bọ̀ wálé, ilé ò tó ní Adó, ọ̀pọ̀ wọn gba yàrá sí Ìkéré. Ẹni tó ń gbé yàrá kan kò ní ibi tí yóò dáná igi sí. Sítóòfù ló kù. Iṣẹ́ mi di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan.

Àsìkò yẹn ni ilé epo ńlá kan ṣí sí ọ̀nà Adó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní pátákó gíga tí èèyàn lè rí láti ìdí òkè, ó ní ẹ̀rọ tó ń ka epo fúnra rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ kan náà. Wọ́n kọ orúkọ àwa tó ń tà lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé kan: bí karosíìnì bá dé, dúrọ́ọ̀mù méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde nínú ìwé náà kò tún ní wọlé mọ́, nítorí àwọn tó ń dúró de ààyè pọ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ gba epo tèmi, mo mú ìṣáná tí ọ̀gá mi fún mi dání, mo so ó mọ́ etí ìró. Mo bá máníjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kó jọ̀ọ́, ṣé a lè bu díẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ògiri níbẹ̀ yẹn, jìnnà sí epo, kó bá mi ṣáná sí i.

Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó wá na ìka sókè sí pátákó. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ rò pé ẹni tó gbé ìyẹn dúró yóò máa ta epo burúkú?"

Àwọn tó tò lẹ́yìn mi pòṣé. Ẹnìkan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ìyá yìí bóyá ó fẹ́ kí wọ́n bá òun dáná ọbẹ̀ pẹ̀lú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kó lè tán. Mo gbé epo mi, mo lọ.

Nílé, èmi fúnra mi dán an wò. Ó dára. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo dán an wò, ó dára. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan. Nígbà tó ṣe, mi ò kán an mọ́. Ìtìjú ló pa òfin náà, àṣà ló sin ín. Mo kó ìṣáná ọ̀gá mi sínú agolo kan lórí pákó.

Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́n epo bẹ̀rẹ̀. Ilé epo ńlá náà yóò ti pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì àwọn oníbàárà mi yóò tò síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó wá gbàdúrà. Ìgbà náà ni Múfú yọ. Ará Emùré ni, kò tó mi lọ́jọ́ orí, ó ní mọ́tò kékeré ẹlẹ́yìn ṣíṣí kan tó ti rún, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ni ó lè gbà.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Mo gbọ́ pé ẹ ò ní epo."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kẹ́ẹ̀gì yín ló sọ fún mi."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo yí mọ́tò rẹ̀ po. Wọ́n ti kun dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́dà tuntun. Kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà náà? Kí ló dé tí epo fi wà lọ́wọ́ ẹni kékeré nígbà tí kò sí lọ́wọ́ ẹni ńlá? Kí ló dé tó fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo ní kó tẹ̀lé mi lọ sẹ́yìn, níbi tí mo gbé òkúta tèmi sí. Kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe epo náà ni mo fẹ́ dán wò. Mo fẹ́ kó bínú, kó lè lọ.

Kò bínú. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba ìṣáná, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣáná. Ó jó jẹ́jẹ́. Ó wo iná náà títí ó fi kú, ó ní, "Ìyá tiwa ní Emùré máa ń ṣe báyìí," ó sì dìde.

Mo ra dúrọ́ọ̀mù kan. Ó tún wá, mo ní kó bu epo láti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, kì í ṣe láti òkè. Ó bù ú. Ó tún wá lọ́jọ́ òjò, ó bẹ̀ mí pé kí a fi ti òkúta sílẹ̀ lónìí. Mo ní kó yáa gbé epo rẹ̀ padà. Ó dúró sábẹ́ òrùlé wa títí òjò fi dá, ó ṣáná. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí iná epo rẹ̀ fò sókè. Síbẹ̀, mi ò gbà á gbọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé bóyá ó ti mọ òkúta mi ni, bóyá dúrọ́ọ̀mù tó dára ló ń kó wá sọ́dọ̀ mi, tó ń kó èyí tí kò dára lọ síbòmíràn.

Ọkọ mi gbé ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń máàkì sílẹ̀, ó fi orúkọ pè mí. "Dúpẹ́, ẹ̀rí kọ́ lo ń wá. Ẹ̀sùn lo ń wá."

"Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

"Ilé epo ńlá yẹn ńkọ́? Ìgbà wo lo dán tiwọn wò kẹ́yìn?"

Mo ní wọ́n ní pátákó. Ó padà sí ìwé tó ń máàkì. Nígbà yẹn, ó dà bí ìdáhùn.

Nígbà tó yá, Múfú wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ará Ìṣẹ̀ ń bẹ òun pé kí òun máa kó gbogbo epo òun fún àwọn. Bí mo bá fẹ́ kí òun máa gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ní láti máa ra gbogbo epo mi lọ́wọ́ òun, ọ̀wọ́n wà, ọ̀wọ́n ò sí. Tí mi ò bá fẹ́, òun kò ní bínú, ṣùgbọ́n òun kò ní lè máa wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún sọ lẹ́nu. Ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Bí mi ò bá lọ gba epo ní ilé epo ńlá fún ìgbà méjì, orúkọ mi yóò jáde nínú ìwé, kò sì sí àbọ̀. Bí mọ́tò Múfú bá wá kú, bí àìsàn bá mú un, bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí mo rò pé ó jẹ́, gbogbo ilé tó ń fi epo mi se oúnjẹ ni yóò jókòó ti ìkòkò tútù. Àwọn oníbàárà mi pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹni tó gbé epo dé ẹnu ọ̀nà ni èèyàn. Àwọn kan ní àwọn ò lè fi epo tí àwọn ò mọ baba rẹ̀ se oúnjẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sọ fún Múfú pé kó fún mi lọ́sẹ̀ kan. Níkẹyìn ó ní, "Màmá Tóyìn, ní Sátidé yìí, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ní Tọ́sìdeé, epo dé sí ilé epo ńlá. Mo lọ gba dúrọ́ọ̀mù méjì mi. Mo ti pinnu lọ́kàn mi: bẹ́ẹ̀ kọ́.

Òwúrọ̀ Sátidé, mo ti ta epo náà fún èèyàn mọ́kànlá kí oòrùn tó ga. Mo wá gbé sítóòfù kan tí mo tún ṣe fún aládùúgbò sábẹ́ àtíbàbà, mo rọ epo sí i, kí n lè rí i bí òwú rẹ̀ ṣe ń jó. Mo ṣáná.

Kò gbiná jẹ́jẹ́. Ó fò. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn ńlá bá mí sókè lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo rí ọwọ́ òsì mi tó ń jó, mi ò sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Ìyá Sèlí tó ń ta ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fa àpò tútù kúrò lórí ìkòkò ògì rẹ̀, ló fi bò mí láti orí dé ìbàdí, ló sì dùbúlẹ̀ lé mi. Obìnrin tó sanra ni, Ọlọ́run bù kún un. Bí mo ṣe wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo gbóòórùn ọrùn mi tó jóná.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyí: "Àwọn tó rà á! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣáná!"

Ìgbà náà gan-an ni mọ́tò Múfú dúró. Ó wá gba èsì rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ju dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kí mọ́tò lè fúyẹ́, ó gbé ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra, mo wà lórí ẹní lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mo ń pe orúkọ. Ìyá Ṣẹ́gun. Kátíkíìsì. Ilé Aláàjì tó ń ta bàtà. Àwọn ọmọ ilé ìwé olùkọ́ni méjì. Ọkọ mi ń kọ ọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń pè é. Mo pe mẹ́wàá. Ẹni kọkànlá, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àkúrẹ́ dé ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù.

Wọ́n bá mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé ìkòkò lé sítóòfù, ó ń wá ìṣáná kiri yàrá nígbà tí Múfú já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Fún ti kọkànlá, wọ́n ń bi èèyàn ní ojúlé dé ojúlé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé kẹ́ẹ̀gì búlúù kọjá níbí?" Èéfín ló fi ilé hàn wọ́n.

Bímpé ni orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ní ọsibítù, nítorí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Itan rẹ̀ méjèèjì ló jó. Kò bú mi. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí àwa méjèèjì lè sọ̀rọ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò dán an wò ni?"

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún sọ fún mi nípa ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn. Mo ní, "Mi ò dán an wò." Ó ní, "Ẹ ṣeun," bí ẹni pé mo bá a gbé ife omi. Nígbà tó sàn, àwọn èèyàn rẹ̀ wá mú un lọ sí Àkúrẹ́. Mi ò tún rí i mọ́.

Ilé epo ńlá rán awakọ̀ kan sí wa. Ó ní àwọn ọ̀gá òun kẹ́dùn, ohun tí wọ́n gbé fún àwọn ni àwọn tà, àwọn ò sì mọ ibi tí wọ́n ti da nǹkan mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Bóyá òótọ́ ni. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, orúkọ mi ṣì wà nínú ìwé. Ọkọ mi tó jẹ́ pé kì í pariwo, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ẹ ó rò pé mo fẹ́ràn Múfú láti ìgbà náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo ń ro ó pé báwo ló ṣe jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ló dé? Ta ló ní àǹfààní nínú kí epo ilé epo ńlá bàjẹ́? Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn fi epo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà títí di ìrọ̀lẹ́." Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó, mi ò sì lè fi í pamọ́ nínú ìwé tí mo ní kí ẹ fi yan iṣẹ́.

Oṣù kẹfà lẹ́yìn iná náà ni mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì mi kò ṣí mọ́. Mo ránṣẹ́ sí Emùré. Múfú dé ní ọjọ́ ọjà, ó bọ́ sílẹ̀, ó kí mi, kò béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, ó fọ òkúta náà, nítorí adìẹ ti ń sùn lórí rẹ̀. Ó kán epo sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó na ọwọ́ náà sí mi kí n fọwọ́ kàn án. Nígbà tó mú ìṣáná, ẹsẹ̀ mi gbé mi wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ṣá a. Kò gbiná. Ó tún un ṣá.

"Màmá Tóyìn," ló ń pè, "ó ti ń jó o. Jẹ́jẹ́ ló ń jó. Ẹ wá wò ó."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò lè gbọ́ èyí tó dára. Ẹ wá fojú rí i."

Mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, mo wò ó. Mo ní kó máa gbé mẹ́ta wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní kí ọkọ mi bá mi lọ sí ọ̀nà Adó kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé. Àwọn oníbàárà kan fi mí sílẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Múfú kán epo dúrọ́ọ̀mù kejì sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó títí ó fi gbẹ, ó tún un kán. Kò na ọwọ́ sí mi. Kò sì ṣáná. Ó yí dúrọ́ọ̀mù náà padà sẹ́yìn mọ́tò, ó so ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ọ̀kan péré ni mo ní lónìí, Màmá. Ẹ má bínú." Mi ò sọ pé mo fọkàn tán an lọ́jọ́ náà. Mo bu omi fún un mu.

Mo ṣe é fún ìgbà díẹ̀ sí i, ọwọ́ mi kọ̀, Tóyìn sì gba ṣọ́ọ̀bù. Àwọn sílíńdà gáàsì ló pọ̀ níwájú rẹ̀ báyìí. Kì í ṣe òkúta ló ń lò. Ẹni tó bá gbé gáàsì wá ni yóò ho ọṣẹ, tí yóò fi pa ọrùn sílíńdà níṣojú rẹ̀, kí wọ́n jọ wò ó bóyá yóò máa yọ ìfófó. Àwọn kan ń bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín fún wọn, ó sì ń na kànrìnkàn sí wọn.

Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, èyí tí ẹ bá yàn, ẹ yàn án. Iṣẹ́ tèmi bọ́ ọmọ, ó sì jó ọwọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn ìyàwó ilé ṣì máa ń bi mí pé lọ́wọ́ ta ni kí àwọn ti máa ra gáàsì, ṣé ẹni ńlá ni tàbí ẹni kékeré. Mi ò mọ ìdáhùn sí ìyẹn. Mo máa ń bi wọ́n pé bí wọ́n bá ní kí ẹni náà wá dán an wò níṣojú wọn, ta ni yóò dìde?

Mi ò tíì ṣáná láti òwúrọ̀ Sátidé yẹn. Àwọn ọmọ ló ń bá mi dáná. Ṣùgbọ́n ìṣáná tí Ìyá Olówùú fún mi, tí mo so mọ́ etí ìró lọ sí ọ̀nà Adó tí mo sì so padà wálé, ó ṣì wà nínú agolo lórí pákó. Igi inú rẹ̀ pé. Ọ̀kan kò dín.